Gbèsè Tí Ìran Wa Jẹ Macario García

Àwa tí a dé Houston ní ìparí àwọn ọdún 1970 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, owó epo ló gbé wa dé. Náírà lágbára ju dọ́là lọ nígbà náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ rán àwọn kan nínú wa wá, òbí àwọn kan ta ilẹ̀ oko kòkó, ẹ̀gbọ́n tó ti ṣáájú ló kọ lẹ́tà pe àwọn mìíràn. A kún Texas Southern University àti University of Houston bámúbámú. Lọ́sàn-án a wà ní kíláàsì. Lóru a ń ṣọ́ ọgbà, a ń wa takisí, a ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ. Ohun kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wa: ká gba ìwé ẹ̀rí, ká padà sílé, ká lọ jẹ́ ọ̀gá. Nígbà tó di 1986 tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní SAP dé, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, àwọn tó ti di ẹrù tú u. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ará Texas.

Láti Alief àti agbègbè Bissonnet la ti sún lọ sí Missouri City, sí Sugar Land, sí Richmond, níbi tí ilé ti gbòòrò, tí ilé ìwé ọmọ sì dára. Bí ẹ bá dé Richmond lọ́jọ́ Sátidé lónìí, ẹ ó bá wa nínú aṣọ ẹbí. Gèlè á ga, àgbádá á balẹ̀, onílù á máa ki bàbá olóde, àwọn alásè á máa gbé àmàlà àti ìrẹsì kiri. Kò sí ẹni tó máa dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ kankan nílùú yẹn, kó bi wá pé orílẹ̀-èdè wo la ti wá kó tó ta oúnjẹ fún wa. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í tún rò ó mọ́.

Ṣùgbọ́n ní Richmond yìí kan náà, kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó wáyé, wọ́n ti lé ọkùnrin kan nídìí oúnjẹ. Sójà ni. Àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n lé e. Macario García ni orúkọ rẹ̀. Ìran wa jẹ ẹ́ ní gbèsè, a ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í san án.

Ọmọ Mẹ́síkò ni García. Ọjọ́ 20, oṣù Kínní, ọdún 1920 ni wọ́n bí i ní Villa de Castaño, ní ìpínlẹ̀ Coahuila. Ọmọ kékeré ṣì ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wọ Texas, tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sí itòsí Sugar Land. Oko olóko ni wọ́n ń ro. Ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n, oko òwú ló sì gba ìgbà èwe García mọ́ ọn lọ́wọ́. Àgbà ló fi parí ilé ìwé girama. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1942 ó wọ iṣẹ́ ológun. Ẹ kíyè sí i pé kò tíì gba sítísìn. Orílẹ̀-èdè tí kò tíì kà á mọ́ ọmọ ló lọ jà fún.

Àwa tí a ti tò lórí ìlà níwájú ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n láàárọ̀ kùtù, tí a ti di fáìlì mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju bó ṣe yé àwọn tí wọ́n bí sílẹ̀ yìí lọ. A mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn máa sanwó orí, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa tọ́mọ, kí wọ́n sì máa pè é ní àlejò. García fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kún un.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1944, nígbà tí wọ́n já wọ Normandy ní ilẹ̀ Faransé, ó fara gbọgbẹ́. Ó pẹ́ kó tó gbádùn. Ẹlòmíràn ì bá fi ọgbẹ́ yẹn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun máa lọ sílé. Òun padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú 4th Infantry Division. Nígbà tó di ọjọ́ 27, oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n ti wà nítòsí abúlé Grosshau ní Jámánì, lágbègbè igbó Hürtgen, igbó tó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ sójà Amẹ́ríkà mì. Òkè kan wà níwájú wọn tí igi bò. Àwọn ará Jámánì ti múra sílẹ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta. Níbi tí àwọn García dọ̀bálẹ̀ sí, ibi tí èèyàn lè forí pamọ́ sí kò tó nǹkan. Ọta ń rọ̀ lé wọn lórí, àgbá ń ró, bọ́ǹbù ń bú.

García, ọmọ ọdún 24, ló ń ṣe adelé olórí fún ọ̀wọ́ kékeré kan lọ́jọ́ náà. Ọta ti bà á. Wọ́n ní kó padà sẹ́yìn kó lọ gba ìtọ́jú, ó kọ̀. Ó fàyà fà síwájú, òun nìkan, títí tó fi dé ẹ̀gbẹ́ ìbọn kìíní. Ó ju bọ́ǹbù ọwọ́ sí wọn, ó ba ìbọn náà jẹ́, ó sì yìnbọn pa àwọn mẹ́ta tó fẹ́ sá lọ. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìbọn kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ó tún dìde, ó tún lọ. Ó ba ìyẹn náà jẹ́, ó pa àwọn mẹ́ta mìíràn, ó mú mẹ́rin láàyè. Síbẹ̀ kò kúrò lójú ogun. Ó bá wọn jà títí ọwọ́ wọn fi tẹ òkè yẹn, ìgbà náà ló tó gbà kí wọ́n gbé òun lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà.

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹjọ, ọdún 1945, Ààrẹ Harry Truman fi Medal of Honor sí i lọ́rùn ní White House. Kò tíì sí aṣíkiri kankan láti Mẹ́síkò tó gba irú rẹ̀ rí. Nígbà tó di oṣù Kínní ọdún 1946, ìjọba Mẹ́síkò náà fún un ní àmì ẹ̀yẹ tiwọn. Yin ni yin ni kẹ́ni ṣe mìíràn, Yorùbá ló wí bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè méjì ló sì yin García.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin àmì ẹ̀yẹ méjèèjì yẹn ni kò yẹ ká gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò níwájú Truman, nínú oṣù Kẹsàn-án, ó wọ ilé oúnjẹ kan ní Richmond tí wọ́n ń pè ní Oasis Café. Wọ́n ní àwọn kò ní ta oúnjẹ fún un torí pé ará Mẹ́síkò ni. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Nígbà tí wọ́n sì máa fẹ̀sùn kan ẹnìkan, García ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ọkùnrin tí Ààrẹ bọ̀ lọ́wọ́ nínú oṣù Kẹjọ di ẹni tí wọ́n ń wá sílé ẹjọ́ nítorí pé ó fẹ́ jẹun.

Bí a kò bá rẹ́ni fẹ̀yìn tì, bí ọ̀lẹ là á rí. García rẹ́ni fẹ̀yìn tì. LULAC, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó wà ní Texas dá sílẹ̀ ní Corpus Christi ní 1929, dìde. Àwọn ará agbègbè náà dáwó. Walter Winchell, gbajúmọ̀ oníròyìn, gbé ọ̀rọ̀ náà sórí rédíò, gbogbo Amẹ́ríkà gbọ́. Lọ́yà John J. Herrera ará Houston àti Gus García dúró fún un, James Allred tó ti ṣe gómìnà Texas rí náà sì bá wọn dúró. Wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbẹ̀yìn Macario bọ́ nínú ẹ̀sùn. Herrera àti Gus García yìí kan náà wà lára àwọn lọ́yà tó gbé ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hernandez lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Washington ní 1954, tí wọ́n borí, tí ilé ẹjọ́ sì là á mọ́lẹ̀ pé òfin tó dáàbò bo ọmọ onílùú dáàbò bo ọmọ Mẹ́síkò náà.

Nínú ìtàn García, apá yìí ló kan àwa ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ jù. A lẹ́gbẹ́ ìlú ní Houston, a lẹ́gbẹ́ ilé ìwé àtijọ́, a lẹ́gbẹ́ ìjọ àti ẹgbẹ́ àdúgbò. A mọ bí a ṣe ń ra aṣọ, a mọ bí a ṣe ń gbé òkú lọ sílé, a mọ bí a ṣe ń kó owó jọ fún ẹni tí àìsàn dá gúnlẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n lé kúrò nílé oúnjẹ yẹn jàre nítorí pé àwọn èèyàn tirẹ̀ ti ní ẹgbẹ́ kí ọ̀ràn tó dé, wọ́n sì lo ẹgbẹ́ náà fún ohun tó ju àpèjẹ lọ. Ohun tó yẹ ká máa rántí nìyí nígbà tí a bá ń ka mínítì ìpàdé.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ní Grosshau nìkan ni García fi jẹ́ akọni. Ní oṣù Kẹfà 1947 ó di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà. Ní 1951 ó gba ìwé ẹ̀rí ilé ìwé girama tí òwú kò jẹ́ kó gbà nígbà èwe. Ó gbéyàwó, ó bímọ. Ìgbà tó sì máa yan iṣẹ́, àwọn ajagunfẹ̀yìntì ló yàn. Ọdún 25 ló fi ṣiṣẹ́ agbaninímọ̀ràn lábẹ́ àjọ tó ń tọ́jú àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ní Houston. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gé, ẹni tí oorun rẹ̀ kò dán mọ́rán mọ́, ẹni tí ìjọba ṣèlérí fún tí ìlérí náà kò dé, irú wọn ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà fún. Ní alẹ́ ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá, ọdún 1963, nígbà tí Ààrẹ John Kennedy àti ìyàwó rẹ̀ yà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ LULAC ní Rice Hotel ní àárín Houston, García wà lára àwọn tó kí wọn káàbọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n pa Kennedy ní Dallas.

Ìjàm̀bá ọkọ̀ ló pa García fúnra rẹ̀, ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún 1972, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 52. Houston National Cemetery, itẹ́ àwọn ológun tó wà ní Veterans Memorial Drive, ni wọ́n sin ín sí. Ní 1981 ìgbìmọ̀ ìlú Houston fi orúkọ rẹ̀ sọ apá kan òpópónà 69th Street ní East End, àdúgbò tí àwọn ọmọ Mẹ́síkò pọ̀ sí. Ní Sugar Land, níbi tó ti já òwú, ilé ìwé kan ń jẹ́ Macario García Middle School. Àwọn ọmọ wa lọ síbẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ wa ti ń lọ báyìí. Orúkọ rẹ̀ wà lára ṣẹ́ẹ̀tì tí a fọ̀, wọ́n kọ ọ́ sára káàdì èsì ìdánwò tí a buwọ́ lù. Ta ló bi ọmọ rẹ̀ pé, “Ta ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ilé ìwé yín?”

Ìdí tí mo fi pè é ní gbèsè nìyí. Ní 1964 ni òfin ẹ̀tọ́ aráàlú sọ ọ́ di èèwọ̀ kí ilé oúnjẹ lé èèyàn nítorí àwọ̀ rẹ̀ tàbí ibi tó ti wá. Ní 1965 ni òfin ìmígíréṣọ̀n yí padà, tí ilẹ̀kùn ṣí fún àwa tí a wá láti Áfíríkà. Òfin méjèèjì kò ṣàdédé wá. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló ru èyí tó wúwo jù nínú ẹrù náà, àwọn ọmọ Mẹ́síkò náà sì ru tiwọn ní Texas. Ó tó ọdún méjìlá, mẹ́tàlá lẹ́yìn náà kí àwa tó dé pẹ̀lú àpótí àti ìwé ìgbàwọlé wa, a sì bá tábìlì tí wọ́n ti tẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Gbèsè ọ̀hún sì kọjá ti García nìkan, torí pé àwa náà bá sójà ọlọ́gbẹ́ nílé dàgbà. Ní abúlé àti àdúgbò tí a ti wá, kò sí ibi tí kò ní bàbá kan tó lọ jagun ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹlòmíràn ń wọ kóòtù káakí lọ́jọ́ ọdún. Ẹlòmíràn tọ́jú mẹ́dà rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì lábẹ́ ibùsùn, àwa ọmọdé a máa jí i wò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1944 tí García ń fàyà fà ní Grosshau, Isaac Fadoyebo, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, sá pamọ́ sínú igbó ní Bọ́mà, ní agbègbè tó wà lábẹ́ àwọn ará Japan. Ọta ti fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ láti oṣù Kẹta. Òun àti sójà kan láti Sierra Leone, David Kagbo, ló wà níbẹ̀, ìdílé mùsùlùmí kan lábúlé ìtòsí ló ń bọ́ wọn, tó sì ń fi wọ́n pamọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ó padà sí Nàìjíríà, ó tiro títí ayé rẹ̀, ó kọ ìtàn náà sílẹ̀, ó sì kú ní 2012. Mélòó nínú wa, tí a jẹ́ ọmọ Òǹdó, ọmọ Èkìtì, ló lè sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ?

Àwọn tó ti Bọ́mà dé náà rí irú Oasis Café tiwọn. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejì, ọdún 1948, àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Accra gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ gómìnà Gẹ̀ẹ́sì láti bèèrè ohun tí ìjọba ṣèlérí fún wọn. Àwọn ọlọ́pàá yìnbọn sí wọn lọ́nà, mẹ́ta kú. Ọ̀kan nínú wọn, Sájẹ́ǹtì Adjetey, ti jagun fún Gẹ̀ẹ́sì, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá, ó wá kú sí ọwọ́ àwọn tó jà fún.

Àwa tí a wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1966, orúkọ sójà kan wà tí gbogbo wa gbọ́ lórí asọ̀rọ̀mágbèsì: Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. A mọ bó ṣe kú. Ọjọ́ 29, oṣù Keje, àwọn sójà tó dìtẹ̀ yí ilé ìjọba ní Ìbàdàn ká, wọ́n mú òun àti àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí orílẹ̀-èdè, wọ́n sì pa wọ́n ní Lálúpọn. Ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé Fájuyì kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Ìtàn yẹn ló kọ́ ìran wa ní ohun tí ọmọlúàbí jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ó ṣe gbé ayé ńkọ́? Ní 1943 ló wọ iṣẹ́ ológun. Ní 1951 wọ́n fún un ní British Empire Medal, torí pé ó ṣèrànwọ́ láti pa iná ọ̀tẹ̀ tó fẹ́ ràn láàrin àwọn sójà nítorí oúnjẹ. Ní 1961, nígbà tó jẹ́ Mejọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àjọ àgbáyé ní Kóńgò, àwọn ọ̀tá lúgọ de àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní àríwá Katanga, ó sì yọ wọ́n jáde nínú ewu náà. Military Cross ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Ọkùnrin tó gbìyànjú bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀mí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ má bàa ṣòfò ní Kóńgò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di olóòótọ́ ní Lálúpọn. Bí a bá ń sọ ikú rẹ̀ láìsọ ìgbésí ayé rẹ̀, ìdajì ìtàn là ń fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Houston fúnra rẹ̀ ti kọ́ wa pé bíbu ọlá fún sójà lè pẹ́ kó tó dé, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ dé. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹjọ, ọdún 1917, ọdún 28 gééré sí ọjọ́ tí García gba àmì ẹ̀yẹ, àwọn sójà aláwọ̀ dúdú ti 24th Infantry tí wọ́n ń ṣọ́ Camp Logan nílùú yìí fi ìbínú gbé ìbọn, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá ti lu àwọn èèyàn wọn, tí ìwọ̀sí sì ti pọ̀ jù. Èèyàn kú. Wọ́n kó àwọn sójà náà lọ sí ẹjọ́ tí kò gún, wọ́n dá 110 lẹ́bi, wọ́n so 19 kọ́. Mẹ́tàlá nínú wọn ni wọ́n so lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, láìjẹ́ pé wọ́n ráyè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ológun fagi lé gbogbo ìdájọ́ náà, wọ́n gbà pé wọ́n rẹ́ wọn jẹ. Ọdún 106 ló gbà. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn kò dákẹ́, àwọn òpìtàn kò dákẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi dé.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àwọn ọmọ wa. Ìran wa fẹ́ dókítà, a fẹ́ lọ́yà, a fẹ́ ẹńjíníà. Síbẹ̀ àwọn kan nínú wọn wọ káakí. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé ni wọ́n wọ̀ ọ́, nípasẹ̀ ètò MAVNI tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tó ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ ológun fún ẹni tí kò tíì ní gíríìnkáàdì bó bá gbọ́ èdè tí Amẹ́ríkà ń wá. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Bí García ṣe gba sítísìn lẹ́yìn tó ti jagun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ yìí náà ṣe fi aṣọ ológun gba tiwọn. Wọ́n lọ sí Iraq, wọ́n lọ sí Afghanistan, wọ́n padà sí Houston, sí Katy, sí Richmond.

Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn níbi ìkómọ. Ó jókòó sí ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan ògiri, kó lè máa rí ilẹ̀kùn. Nígbà tí onílù bá ki gángan bọlẹ̀ lójijì, ó gbọ̀n. Kò jẹun tó. Àǹtí kan á ní, “Ṣó o ti ń gbàdúrà ṣá?” Bàbá rẹ̀ á ní, “Ogun ti parí, má rò ó mọ́.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ṣé, sà,” ó sì bọ́ síta lọ jókòó sínú ọkọ̀. Kò sí ẹni tó tẹ̀ lé e.

Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí nílò ẹni tó máa tẹ̀ lé e jáde, tó máa jókòó tì í, tó máa gbọ́ ọ títí dópin, tó sì máa bá a lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì, Michael E. DeBakey, tó wà ní Holcombe Boulevard, bó bá nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wa ló ń ṣe nọ́ọ̀sì ní agbègbè yẹn. Wọ́n mọ ọ̀nà, wọ́n mọ ohun tí a ń pè ní ọgbẹ́ ọkàn. Iṣẹ́ tí García fi ọdún 25 ṣe nìyẹn, láti jókòó ti ẹni tó ti ogun dé. Wọn kì í fi Medal of Honor dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́lá, síbẹ̀ bóyá iṣẹ́ yìí ni ẹni púpọ̀ jù lọ fi mọ inú rere rẹ̀.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. A ti ń dín kù. Ọdọọdún la ń fi orúkọ kún ìwé àwọn olóògbé ẹgbẹ́ wa. Nítorí náà, ohun tí ìran wa máa ṣe, ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é. Ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn nínú oṣù Karùn-ún ni Memorial Day. Ẹ jẹ́ ká kó àwọn ọmọ-ọmọ wa lọ sí Houston National Cemetery kí a tó dáná súyà. Àṣà ibẹ̀ ni pé lẹ́tà aláwọ̀ góòlù ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ẹni tó gba Medal of Honor sára òkúta ibojì rẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lè dá a mọ̀ láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kí ọmọ fọwọ́ kan lẹ́tà náà, kó ka orúkọ náà sókè, ká sọ ìtàn Grosshau fún un, ká sì sọ ti Richmond.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá, tí í ṣe ọjọ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì níbí, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pe àwọn ọmọ tirẹ̀ tó ti wọ káakí jáde sí iwájú. Kí onílù ki wọ́n ní oríkì ilé wọn, kí wọ́n jókòó sí tábìlì àwọn àgbà lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kínní, tí Nàìjíríà fi ń rántí àwọn ológun rẹ̀ torí pé ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé parí ní 1970, kí a dárúkọ Fájuyì, kí a dárúkọ Fadoyebo, kí a dárúkọ bàbá tó tọ́jú mẹ́dà sínú agolo bisikíìtì. Ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà lọ sí Bọ́mà, kó gba ohùn àwọn tó mọ̀ ọ́n sílẹ̀ sórí fóònù kí wọ́n tó lọ. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Ìgbò, tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn jà ní ìhà kejì, kí a pè wọ́n jókòó sí ìpàdé kan náà, nítorí pé ogun kan náà ló bá gbogbo wa, Houston kan náà ló sì gbà wá.

Macario García jà kí a tó dé, a sì ti jẹ nínú èrè ìjà náà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Kò sí ìdí kankan tí orúkọ rẹ̀ yóò fi ṣàjèjì létí ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Sugar Land. Ọwọ́ wa ni iṣẹ́ náà wà, àwa tí a ṣì rántí bó ṣe ń rí kí wọ́n máa pe èèyàn ní àlejò níbi tó ti ń làágùn.